Atalẹ̀ Tí A Kò Bọ̀

Ayé SAP ni, nígbà tí owó náírà ń já wálẹ̀, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di ìyàwó ẹlẹ́hàá ní agbo ilé àwọn àna mi ní Ìlọrin. Ẹlẹ́hàá kì í jáde lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ní kó má ṣòwò. Èmi sì fẹ́ òwò lójú méjèèjì. Ìyá ọkọ mi ò fẹ́. Ó ti sọ fún mi pé ẹ̀ẹ̀kan péré lòun fún mi: bí mo bá dáwọ́ lé òwò tó sì fọ́, kí n jókòó, kí n máa tọ́jú ilé.

Atalẹ̀ ni mo rí. Ọ̀gá kan tó ní sítọ̀ ní títì Táíwò ń ra gbígbẹ rẹ̀, ó ń fi ọkọ̀ ojú omi kó o lọ sí Jámánì. Ìyá Ògbómọ̀ṣọ́, oníṣọ́ọ̀ṣì tó ń ṣe èlùbọ́ lẹ́yìnkùlé wa, ló gbọ́ nípa rẹ̀. Òun ló bá wa ra tútù lára lọ́rì tó ti Kafanchan wá, a sì pín in. Ọ̀gá náà ò sọ ju pé kí a là á, kó gbẹ dáadáa.

Ta ni yóò wá kọ́ ẹlẹ́lùbọ́ ní bí wọ́n ṣe ń sá ohun tó ti inú ilẹ̀ jáde? Ó ní bí a ti ń ṣe iṣu ni a ó ṣe é: kí a là á, kí a bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná, kó sùn síbẹ̀ mọ́jú, kí a tó sá a. Èmi náà ò mọ ọ̀nà mìíràn.

Igi ìdáná ló dá mi dúró. Mo bẹ ọkọ mi, àfáà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú, pé kó ra igi wá. Ó gbàgbé. Mo rán an létí, ó tún gbàgbé. Inú bí mi débi pé n kò dá a lóhùn mọ́. Nígbà tí atalẹ̀ fẹ́ máa bu, mo là á ní tútù, mo sá a sórí ẹní láàárín agbo ilé. Mo ń sunkún, mo ń lé ewúrẹ́.

Ìyá Ògbómọ̀ṣọ́ yọjú, ó rẹ́rìn-ín. “Ìyàwó, irú ọ̀lẹ wo nìyí? Òyìnbó á ní a ò mọṣẹ́.”

Lọ́jọ́ tó kó àpò wa lọ sí Táíwò, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbá agbo ilé. Ìyá ọkọ mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ja tẹ̀sùbáà. Nígbà tí Ìyá Ògbómọ̀ṣọ́ dé, alábàárù ru àpò kan tẹ̀lé e padà.

“Tèmi ni wọ́n dá padà,” ni mo wí.

Ó jókòó sílẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. “Tèmi ni. Ọ̀gá jẹ ẹ́ wò, ó bi mí bóyá gbáàgúdá ni mo gbé wá. Gbogbo bó ṣe ń ta lẹ́nu ló ti bá omi lọ. Ó jẹ tìẹ, omi bọ́ lójú ẹ̀. Ó ní irú ẹ̀ ni ká máa gbé wá.”

Inú mi dùn, àánú rẹ̀ sì ṣe mí. Atalẹ̀ mi ń lọ sí Jámánì, èmi tí n kò tíì dé títì Táíwò. Mo ní nínú agbo ilé wa ni kí a ti jọ máa sá a láti ìgbà náà lọ, ó sì gbà. Èyí tí wọ́n dá padà, wọ́n fi se àgbo nílé rẹ̀ títí tó fi tán.

Nírọ̀lẹ́, ọkọ mi wọlé, ó di igi rẹpẹtẹ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́. “Mo rántí lónìí,” ló wí, inú rẹ̀ ń dùn. Ẹ̀rín ò jẹ́ kí n lè bá a jà.

Ìyá ọkọ mi dìde, ó ṣa atalẹ̀ kan tó ṣẹ́ kù lórí ẹní, ó rún un lẹ́nu. Ó wúkọ́, ó fi ìborùn nu ojú. Ó wo igi, ó wo ọmọ rẹ̀.

“Gbé ìyẹn lọ síbi tí wọ́n ti ń se ọbẹ̀,” ó wí fún un. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí mi. “Nígbà tí lọ́rì Kafanchan bá tún dé, ẹ bá mi ra tèmi mọ́ ọn.”