Súwẹ́tà Màmá Nọ́ọ̀sì

Ọwọ́ Lágúnjú ló kọ́kọ́ mọ̀, kí ojú rẹ̀ tó rí i. Ó ti fa súwẹ́tà àwọn ọmọ iléèwé mẹ́jọ jáde nínú ọpọ́n omi gbígbóná, ó ti fún wọn, ó sì ti sá wọn sórí okùn. Nígbà tó kan ìkẹsàn-án, ohun tó dì mú kò rọ̀ bíi ti àwọn yòókù. Ó ki, ó gan, ó sì wúwo bí etí búláńkẹ́ẹ̀tì tí omi ti mu. Ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. Àwọ̀ ewé ni, bíi ti àwọn ọmọ iléèwé. Ṣùgbọ́n bọ́tìnnì márùn-ún tó wà níwájú rẹ̀, igi ni wọ́n fi ṣe é, kò sì sí iléèwé kankan ní Ifẹ̀ tó ń fi bọ́tìnnì onígi sí súwẹ́tà ọmọ.

"Háà," ló wí.

Súwẹ́tà Màmá Nọ́ọ̀sì ni.

Bọ́látitó ìyàwó rẹ̀, tó ń gán etí aṣọ àwọn oníbàárà nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà, gbójú sókè. "Bàbá Fúnṣọ́, kí ló dé? Ẹ dúró bí ẹni tí iná mànàmáná gbé."

Lágúnjú na ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí i. Obìnrin náà wò ó, ó tún un wò, ó sì fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀.

"Ṣé kì í ṣe...?"

"Òun ni."

"Yéè! Ẹ ti pa mí, Bàbá Fúnṣọ́!"

"Ìwọ kọ́ ni mo pa."

Ọdún kejìlélógójì rèé tí Lágúnjú ti ń ṣe iṣẹ́ alágbàfọ̀. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń fọṣọ fún àwọn àlejò Yunifásítì, lábẹ́ obìnrin kan tó le bí ojú ẹja, Ìyáàfin Àyànlọ́wọ̀. Lẹ́yìn náà ló gba ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní Ìlárè. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ẹni tó bá ti lè ti áyọ́ọ̀nù síwá sẹ́yìn ti mọ aṣọ í lọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì la kọ́kọ́ ń lọ̀, láti etí méjèèjì wá sí àárín, nítorí ẹni tó bá ti àárín bẹ̀rẹ̀ yóò ti gbogbo ìhunjọ lọ sí etí, ibẹ̀ gan-an lojú sì ń kọ́kọ́ wò. Lẹ́yìn náà ni èjìká, ọrùn ọwọ́, apá, kó tó wá kan ara aṣọ. Lágúnjú kì í fi ti ẹ̀yìn ṣáájú. Áyọ́ọ̀nù eléèédú ló ń lò, torí kò lè máa retí iná ìjọba. Yóò fi ìka tó lómi kàn án, yóò gbọ́ bó ṣe ń ké ṣííì, yóò sì mọ̀ bó bá ti tó. Bí òórùn sítáàṣì àti òwú gbígbóná bá ti gba inú ṣọ́ọ̀bù, tí ojú aṣọ tó rún kíjikìji bá ń tẹ́ lọ bí omi tó dákẹ́, ara rẹ̀ máa ń balẹ̀ dé ibi pé ó máa ń gbàgbé pé ẹsẹ̀ ń dun òun. Ó ti sọ fún Bọ́látitó rí pé bí wọ́n bá ní kí òun sinmi iṣẹ́, òun á wulẹ̀ máa lọ aṣọ àwọ̀sùn ara òun ni.

Ṣùgbọ́n súwẹ́tà afọwọ́hun kì í ṣe ohun tí à ń lọ̀. Ohun tí à ń tẹ́ ni. Omi tútù la fi ń fọ̀ ọ́. A kì í fún un, a kì í fọwọ́ ra á. Ṣe la ń tẹ omi jáde lára rẹ̀ jẹ́jẹ́, a ó ká a mọ́ inú tówẹ̀lì, a ó sì tẹ́ ẹ sórí tábìlì tí a ti fi fóòmù àti aṣọ funfun bò. Téèpù ni yóò sọ ibi tí àyà yóò dé àti ibi tí ọwọ́ yóò mọ. A ó wá fi píìnì dè é yí ká, ká tó fi í sílẹ̀ kó gbẹ fúnra rẹ̀. Bó bá jẹ́ irun àgùntàn ni wọ́n fi hun ún, tó sì ṣì ń ṣagídí, a lè gbé áyọ́ọ̀nù sókè díẹ̀ lórí aṣọ tútù tí a tẹ́ lé e, kí ooru nìkan kàn án. Irin kò gbọdọ̀ kàn án láéláé. Omi gbígbóná àti fífọwọ́ra ni ikú rẹ̀. Òwú tí wọ́n ń tà lóde báyìí, tí wọ́n fi ń ṣe ti àwọn ọmọ iléèwé, ìbátan ọ̀rá ni. Omi gbígbóná kì í ṣe é ní nǹkan kan. Irun àgùntàn ń súnkì.

Lágúnjú mọ gbogbo èyí. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn nìyẹn.

Ọlábísí, ọmọ kan ṣoṣo tí Màmá Nọ́ọ̀sì bí, ló hun súwẹ́tà yẹn fún ìyá rẹ̀ lórí ibùsùn àìsàn. Oṣù mẹ́jọ ló fi hun ún. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n nígbà tó hun apá òsì, ojú híhun kan sì fò níbi àyà. Ó fẹ́ tú u, ìyá rẹ̀ ní kó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tó rán bọ́tìnnì karùn-ún mọ́ ọn ló kú. Ó ti pé ọdún méje. Lọ́dọọdún, bí ọyẹ́ bá ti ń mú, Màmá Nọ́ọ̀sì máa ń gbé e wá láti Òkè-Ògbó, nítorí ó máa ń wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Ìsinmi tí wọ́n máa ń rántí ọmọ náà. Yóò gbé e lé Lágúnjú lọ́wọ́, yóò sì sọ pé, "Bàbá Fúnṣọ́, ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀ o. Òun nìkan ló kù tó ń dì mọ́ mi."

Òwú funfun ni Lágúnjú máa ń so mọ́ ọrùn ọwọ́ òsì gbogbo aṣọ tí kò gbọdọ̀ rí omi gbígbóná. Ní ọjọ́ Ajé tí Màmá Nọ́ọ̀sì gbé tirẹ̀ wá, wákàtí yẹn náà ni métírọ́ọ̀nù iléèwé kan já ọgbọ̀n súwẹ́tà sílẹ̀. Lágúnjú gbé ti màmá lé orí tábìlì, ó ní bí òun bá jẹun tán òun á so òwú náà. Ó jẹun tán. Kò so ó. Ẹnì kan kó gbogbo ohun tó wà lórí tábìlì sínú apẹ̀rẹ̀ kan, ẹni náà sì ni òun fúnra rẹ̀. Kò rí ẹlòmíràn tó lè dá lẹ́bi, bó ti wù kó wá a tó.

Ó gbé téèpù. Ogójì íńṣì ni àyà súwẹ́tà náà ní gbogbo ọdún méje. Ó ti di mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ọwọ́ tó jẹ́ mẹ́tàlélógún ti di mẹ́tàdínlógún.

"Ọjọ́ Àbámẹ́ta ló ń bọ̀ wá mú un," ni Bọ́látitó wí.

"Mo mọ ọjọ́ tó ń bọ̀."

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà gan-an tó fà á jáde nínú omi gbígbóná, ó sáré lọ sọ́dọ̀ Fàrídà onídìrí tó wà ní òdìkejì títì, ó gba kọndíṣọ́nà tí wọ́n fi ń mú irun rọ̀. Ó rẹ súwẹ́tà náà sínú rẹ̀ pẹ̀lú omi tútù, ó tẹ́ ẹ, ó fà á, Bọ́látitó di ìsàlẹ̀ mú, òun di èjìká mú. Ó dé mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ó gun ún ní píìnì yí ká. Nígbà tó gbẹ, tó yọ píìnì, ojú rẹ̀ báyìí ló ṣe padà sí méjìlélọ́gbọ̀n, bí ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀ tó sáré wọlé.

Ní Ọjọ́rú, ó fi ooru áyọ́ọ̀nù ràn án lọ́wọ́. Ó dé márùndínlógójì, inú rẹ̀ sì ń dùn bọ̀, kí ó tó rí i pé píìnì ti ń ya etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní ihò wẹ́wẹ́. Aṣọ àwọn oníbàárà ń ga sí i nínú apẹ̀rẹ̀. Kò lọ ẹyọ kan.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ó ṣe ohun tí kò ní fẹ́ kí Ìyáàfin Àyànlọ́wọ̀ rí ká ní ó wà láyé. Ó rẹ súwẹ́tà náà, ó sì kó o wọ̀ sí ara òun fúnra rẹ̀ ní tútù, nínú ọyẹ́, pé bóyá ara èèyàn á mọ bí a ti ń bẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ mọ sí agbede ìgúnpá. Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà nínú oòrùn, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn.

Fàrídà rí i lókèèrè. "Bàbá Fúnṣọ́! Ṣé ẹ ti padà sí jẹ́lé-ó-sinmi ni? Ta ló ń bá yín gbé fúláàsì?"

Ó rẹ́rìn-ín títí, kó tó sún mọ́ ọn tó rí ojú rẹ̀. Ó ní kí wọ́n má bínú, ó sì yára wọlé lọ.

Ìgbà tí Lágúnjú bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ ni Bọ́látitó sọ ohun tó ti wà nínú rẹ̀ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. "Ẹ bọ́ ọ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ pé olè jí i lórí okùn. Ṣé wọn ò jí aṣọ sísá ní Enúwá lóṣù tó kọjá ni?"

"Èmi? Kí n pa irọ́ fún Màmá Nọ́ọ̀sì?"

"Èwo ló sàn fún màmá ọ̀hún? Kó sunkún nítorí olè, tàbí kó rí i bó ṣe wà yìí? Ẹ wò ó dáadáa, Bàbá Fúnṣọ́. Ẹ wo nǹkan tó wà lọ́rùn yín."

Lágúnjú wò ó. Ó bọ́ ọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó ká a sínú nálọ́ọ̀nù dúdú, ó tì í sí abẹ́ tábìlì, ó sì ń sọ ọ̀rọ̀ náà sábẹ́ ẹnu bí ọmọ tó ń kọ́ àkọ́sórí: Màmá, ẹ jọ̀ọ́, olè ti ṣe wá ní nǹkan.

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì yẹn náà ni Màmá Nọ́ọ̀sì wọlé. "Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní ìpàdé lọ́la, mo wá ní kí n tètè wá mú ọmọ mi lónìí."

Lágúnjú dìde. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́... olè..."

"Olè kẹ̀?"

"Lórí okùn, Mà," ni Bọ́látitó gbè é lẹ́sẹ̀ kíákíá.

Màmá Nọ́ọ̀sì kò pariwo. Ó mú gèlè rẹ̀ le lórí bí ẹni tó fẹ́ rìn jìnnà. "Ìgbà wo? Ó dáa, kò tíì lè jìnnà. Àwọ̀ rẹ̀ kò wọ́pọ̀, bọ́tìnnì rẹ̀ kò wọ́pọ̀. Màá dúró sí Enúwá lójoojúmọ́, màá máa wo àyà gbogbo ẹni tó bá kọjá. Ọyẹ́ rèé, ẹni tó jí i gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́. Bí mi ò bá rí i lọ́dún yìí, màá rí i lọ́dún tó ń bọ̀. Ojú kan tó fò yẹn, màá dá a mọ̀ láàárín ẹgbẹ̀rún."

Ó ti yíjú sí ọ̀nà. Lágúnjú rí i lọ́kàn rẹ̀: arúgbó ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, nínú eruku, tó ń wo àyà àwọn obìnrin tí kò mọ̀ rí, lọ́dún yìí, lọ́dún tó ń bọ̀, títí tí ẹsẹ̀ kò ní lè gbé e mọ́.

"Màmá, ẹ padà. Kò sí olè. Èmi ni."

Ó fa nálọ́ọ̀nù náà jáde. Màmá Nọ́ọ̀sì gbà á, ó yọ súwẹ́tà náà, ó sì tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Ó fi àtàǹpàkò wá apá òsì àyà rẹ̀, ó lọ síwá, ó bọ̀ sẹ́yìn. Gbogbo ojú híhun ti wọ inú ara wọn, ó ti di pẹrẹsẹ bí awọ. Ó tún wá a.

"Lágúnjú." Láti ọdún méje, kò pè é ní orúkọ rí. "Níbo lo gbé e sí?"

"Màmá..."

"Ojú tó fò. Ibí ló wà. Níbo lo gbé e sí?"

Lágúnjú dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì. Kò bẹ̀bẹ̀, torí kò mọ ohun tí ì bá bẹ̀bẹ̀ fún. Ó ń gbọ́ bí màmá ti ń gbìyànjú láti wọ̀ ọ́, ó gbọ́ ìgbà tí kò kọjá èjìká, ó sì gbọ́ bí ó ti ń fara balẹ̀ ká a padà, kí ìwọ̀nba tó kù má baà ya. Lẹ́yìn náà, bàtà rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró.

"Ìyá Fúnṣọ́, gbé e dìde. Sìmẹ́ńtì tutù." Kò sọ pé òun dárí jì í. Ó gbé súwẹ́tà náà lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, Adésọjí, akọ̀wé kan ní ìjọba ìbílẹ̀, gbé ṣẹ́ẹ̀tì funfun méjì wá. Lágúnjú kò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ dúró ná. Mo ba aṣọ kan jẹ́ lọ́sẹ̀ yìí. Kò sí ẹni tó ṣe é bí kò ṣe èmi. Kò sì ṣeé tún ṣe. Bí ẹ bá fẹ́ gbé tiyín lọ, kò burú."

Adésọjí wo Bọ́látitó, ó wo bàbá. "Bàbá, ṣẹ́ẹ̀tì lèmi gbé wá o, ìjẹ́wọ́ kọ́. Ṣé ẹ máa lọ̀ ọ́ kí ṣọ́ọ̀ṣì tó wọlé lọ́la?"

"Màá lọ̀ ọ́."

"Ẹ gbà á nígbà náà."

Bó ti lọ tán ni Bọ́látitó fi abẹ́rẹ́ gún orí tábìlì. "Ẹni mélòó lẹ fẹ́ máa sọ ọ́ fún? Ṣé ẹ fẹ́ lé gbogbo wọn dànù ni?"

"Gbogbo ẹni tó bá gbé aṣọ wá."

Ẹni tó tẹ̀ lé Adésọjí ni ìyàwó olùkọ́ kan, tó gbé aṣọ òkè ìgbéyàwó ìyá rẹ̀ wá. Lágúnjú sọ ọ́ fún un, bó ti sọ ọ́ fún ti àkọ́kọ́, láì yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò. Obìnrin náà ní kí bàbá má bínú, ó sì na ọwọ́ mú ẹrù rẹ̀ padà. Ó ń dì í, ṣùgbọ́n ó ń yára, etí aṣọ náà sì ń kákò sínú.

"Ẹ jẹ́ n bá yín dì í," ni Lágúnjú wí. "Ẹ̀ ń rún un."

Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó pa etí pọ̀ mọ́ etí, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún títí ojú rẹ̀ fi dọ́gba, ó sì gbé e lé obìnrin náà lọ́wọ́.