Ọjọ́ tí Kọ̀ǹpútà Bàbá Mi Kọ́kọ́ Fọhùn

Ní ìgbà èwe mi, nígbà tí a ń gbé ní Bódìjà, ilé tí tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ wà kò pọ̀, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti kọ̀ǹpútà. Ẹ̀yin tí ẹ kàn ń fi àtàǹpàkò tẹ fóònù tí ohùn fi ń jáde, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tẹ́tí sí mi díẹ̀. Mo fẹ́ sọ fún yín nípa kọ̀ǹpútà kan tó wọ ilé wa tí kò fọhùn, àti nípa àwọn tó wá ohùn náà rí. Irun orí mi ti funfun báyìí, mo sì ti bá oríṣiríṣi ènìyàn pàdé, síbẹ̀ àwọn tí ìwà wọn wú mi lórí tó tiwọn kò pọ̀.

Olùkọ́ ìtàn ni bàbá mi ní yunifásítì. Ìlú kan ní apá òkè Ọ̀yọ́ ni àwọn òbí wọn ti wá, onítẹ̀bọmi ni wọ́n, ìwé kíkà sì ni ogún tí wọ́n fún ọmọ wọn. Bàbá mi a máa fi ẹsẹ̀ rìn láti ilé wa dé ibi iṣẹ́, wọn a máa kí àwọn tó ń ta iṣu àti àwọn tó ń ta èlùbọ́ bí wọ́n ti ń lọ. Nígbà tó yá, a bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé wọ́n ń fi èjìká gbá òpó, wọ́n sì ń da omi sí ẹ̀gbẹ́ ife. Àìsàn ojú kan wà tí kì í dun ènìyàn, tó kàn ń gé ìmọ́lẹ̀ kù díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Òun ló mú wọn. Kí àwọn dókítà tó mọ̀ ọ́n, ó ti ba nǹkan jẹ́. Nígbà tí mo fi wọ kíláàsì kẹrin ní sẹ́kọ́ńdìrì, ohun tó kù tí bàbá mi lè rí kò ju kí wọ́n mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́ tàbí pé ó ti ṣú.

Wọn kò ráhùn níwájú wa. Ìyá mi ń ṣe tíṣà ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Baṣọ̀run. Tí wọ́n bá ti dé, wọn a jókòó ti bàbá mi, wọn a ka ìwé fún wọn. Èmi náà a kà nígbà tí mo bá ti iléèwé dé. Ohun tó dun bàbá mi jù ni kíkọ. Wọ́n mọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lò dáadáa láti ìgbà ọ̀dọ́ wọn, ọwọ́ wọn kò sì gbàgbé ibi tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan wà. Àmọ́ tí ìka bá ṣì tẹ̀, wọn kò ní mọ̀. Ojú ìwé kan a kún fún àṣìṣe, ìyá mi yóò sì wá jókòó tún un tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn níbi iṣẹ́ jẹ́ ènìyàn rere. Wọ́n wá sílé, wọ́n gbé èso wá, wọ́n sì rọra dá a lábàá pé kí bàbá mi fẹ̀yìn tì kí sáà tuntun tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n lè sinmi. Bàbá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n lọ tán, bàbá mi sọ fún ìyá mi pé, "Wọ́n ń fi ìfẹ́ ṣílẹ̀kùn fún mi kí n máa jáde lọ." Ìyá mi kó àwo èso náà wọlé.

Àárín àsìkò yẹn ni àbúrò bàbá mi tó wà ní ìlú Òyìnbó fi kọ̀ǹpútà kan rán ará ìjọ wa kan tó ń bọ̀ wálé. Àpótí fẹ̀lẹ́fẹ̀lẹ́ kan ni, tí bọ́tìnnì lẹ́tà kún orí rẹ̀. Kò ní ojú tirẹ̀, tẹlifíṣọ̀n inú ilé ni wọ́n ń so ó mọ́. Kásẹ́ẹ̀tì méjì ló bá a wá. Ọ̀kan ni ètò tí kọ̀ǹpútà yóò gbé mì, tí yóò sì fi máa ka ohunkóhun tí ènìyàn bá tẹ̀ jáde lóhùn. Èkejì ni ohùn àbúrò bàbá mi fúnra rẹ̀, tí ó fi ń ṣàlàyé bí a ó ṣe so gbogbo rẹ̀ pọ̀, nítorí ó mọ̀ pé etí ni ẹ̀gbọ́n òun yóò fi gbà á. Ó ní òun ti dán an wò nílé òun, ó sì sọ̀rọ̀ dáadáa. Bàbá mi ní kí n máa tún kásẹ́ẹ̀tì náà fi sí i, títí tí gbogbo wa fi mọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sórí.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan la so ó. Mo yọ wáyà èríà tó ń fa àwòrán wọlé kúrò lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, mo fi ti kọ̀ǹpútà sí ojú ihò kan náà, mo sì ń yí bọ́tìnnì títí tí àwòrán fi yọ. Mo fi kásẹ́ẹ̀tì ètò náà sínú rédíò tí a so mọ́ kọ̀ǹpútà, ó sì pẹ́ kí ètò náà tó wọlé tán. Nígbà tó wọlé, mo tẹ "good morning." Ọ̀rọ̀ náà hàn gedegbe lójú tẹlifíṣọ̀n, àmọ́ ohun tí a gbọ́ kò ju ariwo ṣáá bí òjò tó ń rọ̀ sórí páànù.

Mo gbé ohùn rẹ̀ sókè, òjò náà kàn ń le sí i. Mo tún un tẹ̀. Ojú ìyá mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà, mo sì fẹ́ máa fa wáyà kiri.

Bàbá mi ní, "Má fọwọ́ kan nǹkan kan. Jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó ń sọ."

Mo ní, "Kò sọ nǹkan kan, sà."

Wọ́n ní, "Ariwo yẹn, ohun tó ń sọ nìyẹn."

Bí bàbá mi ṣe ń ṣe iṣẹ́ ìtàn wọn náà ni wọ́n ṣe ṣe é. Wọn kì í dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi láìjẹ́ pé wọ́n ti gbọ́ tẹnu gbogbo àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ dá èríà padà sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n. A dúró di ìgbà tí ètò ìrọ̀lẹ́ bẹ̀rẹ̀, ohùn olùkéde sì jáde ketekete. Ọwọ́ tẹlifíṣọ̀n mọ́ nìyẹn. Wọ́n béèrè bóyá wáyà kan náà ló ń gbé àwòrán àti ohùn, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní a jẹ́ pé a kò tíì lè bá wáyà jà, níwọ̀n ìgbà tí àwòrán ń kọjá. Wọ́n wá ní bóyá ètò inú kásẹ́ẹ̀tì ni kò wọlé dáadáa. A tún gbé e sí i lọ́jọ́ kejì, iná lọ kó tó parí. Iná dé, a tún bẹ̀rẹ̀. Ìyá mi ni sùúrù wọn kọ́kọ́ tán, àmọ́ àwọn náà ni wọ́n tún kọ́kọ́ sọ pé kí a tún un ṣe.

Nígbà tí ètò náà wọlé tán, bàbá mi ní kí a pa fáànù, kí n sì tẹ gbólóhùn gígùn kan láìsọ ohun tó jẹ́. Wọ́n kúnlẹ̀ síwájú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n sì gbé etí wọn lé ibi tí ohùn ti ń jáde. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Wọ́n ní kí n tún jẹ́ kó kà á. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ìka kan sókè, wọ́n sì sọ ọ́ kalẹ̀. Wọ́n tún gbé e sókè, wọ́n tún sọ ọ́ kalẹ̀. Mo wo tẹlifíṣọ̀n, níbi tí àmì kan ti ń sún lábẹ́ ọ̀rọ̀ tí kọ̀ǹpútà ń kà. Ìgbà tí kọ̀ǹpútà bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀rọ̀ ni ìka wọn ń lọ sókè, ìgbà tó bá sì parí ló ń wálẹ̀. Mo gbé etí tèmi náà síbẹ̀, òjò nìkan ni mo gbọ́.

Bàbá mi ní, "Ẹnìkan ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ ariwo yìí. Kọ̀ǹpútà kò yadi. Àwa la ò gbọ́ ọ."

Ìyá mi ló béèrè káàkiri níléèwé wọn, tí wọ́n fi júwe onírédíò kan, ẹni tó ń tún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe, fún wọn ní Mọ́kọ́lá. Nígbà tó di Sátidé tó tẹ̀ lé e, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ takisí. Mo fi ìró ìyá mi kan di kọ̀ǹpútà náà, mo sì gbé e lé itan bí ọmọ tuntun. Ọ̀dọ́kùnrin ni onírédíò yìí, ọmọ ìdílé mùsùlùmí àtijọ́ kan nínú ìgboro Ìbàdàn. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Ó gbọ́ gbogbo àlàyé bàbá mi dé òpin, ó sì béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo, pé ṣé ìlú Òyìnbó ni wọ́n ti gbé e wá. A ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó wá ṣàlàyé fún wa pé àwọn ènìyàn máa ń gbé tẹlifíṣọ̀n ibẹ̀ wá sọ́dọ̀ òun, tí wọn yóò ní àwòrán wà ṣùgbọ́n ohùn kò sí. Ó ní lọ́hùn-ún, àyè tó wà láàárín ọ̀nà àwòrán àti ọ̀nà ohùn fẹ̀ ju ti ọ̀dọ̀ wa lọ díẹ̀. Nítorí náà, ohùn kọ̀ǹpútà yìí ń jáde lóòótọ́, àmọ́ ó ń gba ibi tí tẹlifíṣọ̀n wa kò kọ etí sí kọjá. Bàbá mi mi orí léraléra. Mo rí i pé inú wọn ti ń dùn, nítorí ọ̀rọ̀ náà ti ní ìdí.

Onírédíò náà kò fi ohunkóhun pamọ́ fún wa. Ó ní òun kò tíì tú kọ̀ǹpútà rí. Ó ṣí i, ó sì fi àpótí tín-ín-rín kan tí wọ́n fi irin bò hàn wá. Nínú rẹ̀ ni wáyà wẹ́wẹ́ kan ti wé mọ́ nǹkan dúdú kan tó dà bí ẹ̀rún ṣọ́ọ̀kì. Nǹkan dúdú yẹn ni a ó yí láti fa ohùn náà sún mọ́ ibi tí tẹlifíṣọ̀n wa ti lè gbọ́ ọ. Ó ní bó bá sán, kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo Ìbàdàn.

Ìyá mi wo bàbá mi. Sáà tuntun kò jìnnà mọ́, kò sì sí kọ̀ǹpútà mìíràn níbì kankan.

Bàbá mi bi í pé, "Tó bá jẹ́ tìrẹ, kí ni wàá ṣe?"

Ó ní, "Tó bá jẹ́ tèmi, màá yí i, bàbá. Àmọ́ tiyín ni. Ìdí nìyẹn tí àyà mi fi ń já."

Bàbá mi ní, "Ẹni tí àyà rẹ̀ ń já sí nǹkan mi ni mo fẹ́ kó fọwọ́ kàn án. Yí i."

Kò lo irin. Ó ní irin yóò fọ́ ọ, yóò sì tún máa tan ohùn náà jẹ. Ó mú ọwọ́ búrọ́ọ̀ṣì ìfọnu àtijọ́ kan, ó fi abẹ gbẹ́ ẹnu rẹ̀ títí tó fi wọ ojú ihò náà rẹ́gí. A so kọ̀ǹpútà mọ́ tẹlifíṣọ̀n ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo sì gbé ètò náà sí i. Àmọ́ ariwo ìta pọ̀ jù. Àwọn mẹkáníìkì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ń lu irin kíkan. Ìyá mi jáde lọ bá wọn. N kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ, mo kàn mọ̀ pé òòlù dákẹ́, ọ̀gá mẹkáníìkì sì wá dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọwọ́ tó kún fún ọ́ìlì, ó ń lé àwọn oníkiri sẹ́yìn.

Bàbá mi gbé etí lé tẹlifíṣọ̀n. Mo ń tẹ, onírédíò ń yí i díẹ̀díẹ̀.

"Máa lọ," ni bàbá mi ń wí. "Máa lọ. Ó ń bọ̀. Rárá, o ti kọjá rẹ̀, padà sẹ́yìn. Ó kù díẹ̀. Dúró síbẹ̀."

Òjò náà sì dá. Ohùn kan jáde, bí ti ẹni tí ọ̀fìnkìn mú, ó ní "good morning." Onírédíò rọra yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn ojú.

Bàbá mi ní kí n dìde kí wọ́n jókòó. Wọ́n wá bọ́tìnnì kàn, wọ́n sì kọ́kọ́ tẹ orúkọ ìyá mi. Kọ̀ǹpútà pè é bí ẹni tó ń pe orúkọ oògùn. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tẹ gbólóhùn kan lédè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ wọn. Ìka wọn ṣì lẹ́tà kan. Ẹ̀rọ náà ka ọ̀rọ̀ náà jáde bó ṣe rí, ó wọ́. Bàbá mi dúró. Wọ́n pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́, wọ́n tún un tẹ̀, ẹ̀rọ sì kà á bó ṣe yẹ. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò sọ fún wọn pé wọ́n ṣe àṣìṣe. Ìgbà yẹn ni ìyá mi kọjú sí ògiri, tí wọ́n fi etí gèlè nu ojú.

Nígbà tí sáà tuntun bẹ̀rẹ̀, bàbá mi wọ kíláàsì. Wọ́n ti tẹ ẹ̀kọ́ wọn fúnra wọn, wọ́n ti gbọ́ ọ ní àgbọ́túngbọ́, wọ́n sì ti tún un ṣe títí ó fi wọ̀ wọ́n lórí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kò dárúkọ ìsinmi mọ́. Wọ́n kọ́ni títí ọjọ́ orí wọn fi pé láti fẹ̀yìn tì bí ti gbogbo èèyàn. Onírédíò wa náà di ẹni ilé. Lásìkò ọyẹ́, ó máa ń wá fẹ́ eruku kúrò nínú kọ̀ǹpútà náà, òun àti bàbá mi a sì jókòó sí fàráńdà, wọn a máa sọ̀rọ̀ nípa ohùn bí àwọn mìíràn ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa bọ́ọ̀lù.

Bàbá mi ti lọ, ìyá mi náà ti lọ. Ayé ti yí padà débi pé tí mo bá sọ ìtàn yìí, àwọn ọmọ ọmọ mi a máa béèrè ìdí tí a kò fi ra òmíràn. N kì í bínú sí wọn. Láìpẹ́ yìí, mo ń dúró de kẹ̀kẹ́ lẹ́nu ọjà Bódìjà, ọmọbìnrin kan tó ń fi ọ̀pá funfun àwọn afọ́jú rìn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó di fóònù mú sí etí, ohùn inú rẹ̀ sì ń sáré ka nǹkan débi pé n kò rí ọ̀rọ̀ kan mú. Mo bi í bóyá ó ń gbọ́ ọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mo ń gbọ́ ọ, mà. Tó bá rọra kà á, oorun á kàn máa kùn mí ni." Ó sì padà sídìí ohun tó ń kà. Èrò ń lọ, èrò ń bọ̀, kò sì sí ẹnìkan tó tilẹ̀ yíjú wò ó.