Ẹ̀yìn Ilé Ìdáná Wa Tí Wọ́n Sọ Di Pápá Bọ́ọ̀lù

Ẹ jókòó kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí níléèwé Tọ́lá, ọmọ-ọmọ mi. Èmi ò mọ̀ọ́kọ mọ̀ọ́kà o. Òun náà ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù.

Ṣé ẹ mọ̀ pé etí omi là ń gbé ní Port Harcourt níbí kí wọ́n tó wó àdúgbò wa, tá a fi kó wá sí Rumuokwuta? Kíláàsì Tọ́lá ti fi kọ̀ǹpútà tún àdúgbò náà kọ́, kí àwọn ọmọ tí ò bá a nílẹ̀ lè rìn nínú ẹ̀. Fọ́tò àtijọ́ ni wọ́n ń wò. Tíṣà wọn ní kí n wá wò ó bóyá ó jọ ọ́.

Wọ́n gbé nǹkan kan bí awò ojú ńlá bò mí lójú. Háà! Ilé wa onípákó rèé! Àní okùn tí mo ń sá aṣọ lé! Mo ń kí àwọn ará àdúgbò tí mo rí níbẹ̀ lójúlé-lójúlé, àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín: “Mama, dem no dey hear you o.”

Mo bá yà sẹ́yìn ilé ìdáná. Kí ni mo rí? Àwọn ọmọ inú kọ̀ǹpútà tó ń gbá bọ́ọ̀lù.

Mo já nǹkan náà kúrò lójú. Wọ́n rò pé òòyì ló kọ́ mi, wọ́n ń wá omi kiri.

Ibẹ̀ ni wọ́n sin Kúnlé sí, àkọ́bí mi, ọmọ ọdún mẹ́rin. Òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ ẹ̀; àwọn aládùúgbò ló sin ín, wọn ò sì sọ fún mi. Àbí báwo ni n ò ṣe ní mọ̀? Ọmọ tó bá ti fẹ́ ṣeré débẹ̀, wọ́n á pè é padà. Ó lé lógójì ọdún, n ò sọ ọ́ fún ìyá Tọ́lá pàápàá.

Tí mo bá dákẹ́, wọ́n á máa gbá bọ́ọ̀lù lórí ọmọ mi. Tí mo bá sọ̀rọ̀, mo ti jẹ́wọ́ ohun tí ìyá kì í mọ̀. Kí lẹ̀ bá ṣe?

Mo ní, “Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ṣeré níbẹ̀. Ọmọ mi wà níbẹ̀.”

Tọ́lá túmọ̀ ẹ̀ fún tíṣà. Nígbà tó sọ ọ́ tán, tíṣà ò bi mí ní ìbéèrè kankan. Ó ní, “Mama, sorry. We go move am.” Ó kó eré bọ́ọ̀lù lọ síwájú ilé, ó fi ilẹ̀ ẹ̀yìn sílẹ̀ lófìfo.

Tọ́lá wá bi mí ní orúkọ ọmọ náà. Mo pe orúkọ náà síta: Kúnlé.

Wọ́n tún fi nǹkan náà bò mí lójú. Mo rìn yí gbogbo àdúgbò ká, àyàfi ẹ̀yìn ilé ìdáná. Ìyá kì í débẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ máa bi àgbà kẹ́ ẹ tó kọ́ àdúgbò wọn; fọ́tò ò mọ ohun tó wà nínú ilẹ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ yáa la ẹnu. Kí ló wà ládùúgbò yín àtijọ́ tí fọ́tò ò lè gbé? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, Tọ́lá á kà á sí mi létí.