Èèpo Ẹ̀pà Nínú Òrùlé Ọkọ̀ Bàbá Mi

Òórùn ẹ̀pà yíyan àti ti àga ọkọ̀ tí oòrùn ti pa gbóná ni mo fi ń rántí àárọ̀ Sátidé nílé wa ní Àkúrẹ́. Bàbá mi, òṣìṣẹ́ ìjọba tí òfin pọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ju eyín lọ, ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ kan tó ní fèrèsé lórí òrùlé. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ nígbà náà: àdúgbò ń dúró wò ó bí ìyàwó tuntun. Bàbá ní, "Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ jẹun nínú ọkọ̀ mi." Á tún fi òwe dè é: "Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀."

Èmi àbígbẹ̀yìn ni mo ń nu inú ọkọ̀ náà. Ẹ̀pà Ọjà Ọba kì í sì í wọ́n lápò mi. Bí mo ti ń nu etí fèrèsé òrùlé ni mo rí ihò kékeré kan ní igun kọ̀ọ̀kan. Mo rò pé torí tèmi ni wọ́n ṣe lu wọ́n. Gbogbo èèpo ẹ̀pà mi, ihò ẹ̀yìn lápá ọ̀tún ni mo ń rọ ọ́ sí.

Òjò dé. A lọ mú ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí a ń pè ní Ìyá Oǹdó, wá láti Oǹdó. Ìyá Oǹdó jókòó sẹ́yìn lápá ọ̀tún, ó wé gèlè funfun. Òjò ká wa mọ́ ọ̀nà, bí a sì ti ń gun òkè kan, omi ya látòrùlé, ó dà sí gèlè. Ìyá nu ojú, wọ́n ní, "Àbúrò mi, ọkọ̀ lo rà àbí asẹ́?"

Ní ọjọ́ Ajé, Bàbá mú mi dání lọ bá Ọ̀gá Sùlé, mẹkáníìkì tó tún iná òrùlé náà ṣe lọ́sẹ̀ tó ṣáájú. Bàbá pariwo mọ́ ọn: "Ìwọ lo bà á jẹ́! Kò sẹ́nì kan ní ọ́fíìsì wa tó máa gbé ọkọ̀ wá síbí mọ́." Bẹ́ẹ̀ ọ́fíìsì Bàbá ni oúnjẹ Ọ̀gá Sùlé ti ń wá. Ojú ọkùnrin náà rẹ̀wẹ̀sì. Mo rọra ti ẹ̀pà tó wà lápò mi wọ ìsàlẹ̀ àpò.

Ọ̀gá Sùlé ò jiyàn. Ó ṣí fèrèsé náà, ó rọra da ife omi kan sí igun ẹ̀yìn. "Alàgbà, ẹ wo ẹ̀yìn táyà. Ibẹ̀ ló yẹ kí omi yìí jáde sí." Omi ò jáde. Ó mú wáyà ìjánu kẹ̀kẹ́, ó ń tì í wọ inú ihò díẹ̀díẹ̀. Ó ní bí èèyàn bá fi agbára tì í, rọ́bà inú tó ń gbé omi lọ sílẹ̀ á yọ, omi á wá sọ inú ọkọ̀ dilé. Èèpo ẹ̀pà jíjẹrà tẹ̀ lé wáyà jáde.

"Ìwọ ọmọ yìí!" Bàbá di etí mi mú. Ọ̀gá Sùlé ti dé igun iwájú, lọ́dọ̀ awakọ̀. Ó fa wáyà yọ. Èèpo orógbó.

Orógbó tí màmá mi ti ní kí Bàbá má fẹnu kàn mọ́, torí kì í jẹ́ kí wọ́n sùn! Kò sì sí ẹlòmíì tó ń jẹ ẹ́ nílé wa.

Ọ̀gá Sùlé húkọ́. "Alàgbà, ọmọ yín mà jọ yín o."

Ọwọ́ Bàbá kúrò létí mi. Wọ́n ní, "Ọ̀gá Sùlé, jọ̀ọ́, dárí jì mí." N ò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu wọn rí. Bí a ti ń lọ sílé, wọ́n ní, "Màmá rẹ ò gbọ́dọ̀ gbọ́." Mo ní, "Ti ẹ̀pà náà ńkọ́, sà?" Wọ́n ní, "Ẹ̀pà wo?"

Lónìí, èmi náà ní ọkọ̀ olófèrèsé òrùlé. Kí òjò tó dé lọ́dọọdún, mo ń da omi sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo ń wo ibi tó ń jáde sí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, igun ọ̀dọ̀ awakọ̀ kọ̀. Mo ti lanu láti pariwo mọ́ àwọn ọmọ mi kí n tó fa wáyà yọ. Èèpo ẹ̀pà ni. Àwọn ọmọ mi kì í sì í jẹ ẹ̀pà.

Mo wọ̀tún, mo wòsì, mo kó o sápò. Mo wọlé, mo pe gbogbo wọn jọ, mo ní: "Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ jẹun nínú ọkọ̀ mi."