Ariwo Tó Wà Lẹ́yìn Bíréèkì

Òórùn bẹntiróòlù àti ti èlùbọ́ tí wọ́n sá sórí àpáta ló máa ń pàdé ara wọn níbi tí àbúrò ọkọ mi ti ń tún mọ́tò ṣe ní Ṣakí. Títí di òní, bí mo bá ṣí àpò èlùbọ́, ẹsẹ̀ ọ̀tún mi á kọ́kọ́ le ná.

Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ náà mọ píkọ́ọ̀pù wa. Ẹ́ńjìnnì oníkábúrétọ̀ inú rẹ̀ ti gbó, àbúrò ọkọ mi wá yọ ọ́, ó fi tòkunbọ̀ oní-ínjẹ́tọ̀ rọ́pò rẹ̀. Láti ìgbà náà ni kò ti ní sílò mọ́: bí o bá ti gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ̀rótù, á gbọ̀n lẹ́ẹ̀mejì, á kú. Bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tí à ń tún un ṣe yìí gan-an ni àwọn dókítà ojú tó wá sí ọsibítù Ṣakí máa parí iṣẹ́. Ìyá mi, tí ojú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ tán, ti jókòó síwájú ilé ní Ògbooro láti ìdájí, ó gbé àpò lé itan. Kò lè gun ọ̀kadà nítorí ìbàdí rẹ̀, ọkọ̀ èrò kì í sì í kúrò níbẹ̀ lẹ́yìn òwúrọ̀. Èmi ni mo máa lọ gbé e, a sì gbọ́dọ̀ dé kí wọ́n tó kírun Alásárì.

Bátìrì ti rẹ̀ níbi tí a ti ń gbìyànjú. Bí mọ́tò bá tún kú, kò ní jí mọ́. Bí mo ṣe há sórí àga nìyẹn, ẹsẹ̀ ọ̀tún lórí tọ̀rótù.

"Ìyàwó, o ò gbọdọ̀ gbẹ́sẹ̀ o!" ni àbúrò ọkọ mi ń wí lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. "Rọra tẹ̀ ẹ́. Mo ní kó o rọra!"

Ó pààrọ̀ pọ́lọ́ọ̀gì, ó fọ ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, kò yàtọ̀. Àgbẹ̀ kan tó ń dúró de ọ̀kadà rẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò ní, "Ọ̀gá, ẹ kúkú yọ ẹsẹ̀ ìyàwó yín, kẹ́ ẹ fi ṣe sílò." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Òógùn ti lẹ aṣọ mi mọ́ àga.

Ohun tí n kò sọ ni pé mo ń gbọ́ nǹkan. Ariwo kan ń dún lẹ́yìn bíréèkì, fíì, bí atẹ́gùn tó ń jò lẹ́nu táyà. Bí mo bá fi ẹsẹ̀ òsì kan bíréèkì, á pọ̀ sí i, ẹ́ńjìnnì á sì fẹ́ kú. Ẹni tó dorí kodò sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì kò lè gbọ́ ọ. Àbúrò ọkọ mi kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n mo bá a nílé ni, ọkọ ló jẹ́ fún mi. N kì í pe orúkọ rẹ̀, Gbajúmọ̀ ni mo sọ ọ́. Ìyàwó ilé kì í kọ́ ọkọ níṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lójú àlejò. Mo ń wo òjìji igi máńgòrò bó ṣe ń gùn, mo sì ń ro ìyá mi.

Ìgbà tí òjìji náà kan táyà iwájú ni mo pè é. "Gbajúmọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi jókòó síbí díẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ti kú." Irọ́ kọ́, àmọ́ kì í ṣe òótọ́ tán.

"Ẹ̀yin obìnrin!" Ó na ẹsẹ̀ wọlé, ó gba tọ̀rótù lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, mo sún sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

"Bíréèkì náà ń ṣe mí bákan," mo wí jẹ́jẹ́.

Ó tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ́tí. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n gba tọ̀rótù padà, ó sáré lọ fi ẹ̀mú fún rọ́bà kan pọ̀, èyí tó lọ síbi agolo dúdú tó ń ran bíréèkì lọ́wọ́. Ẹ́ńjìnnì fara balẹ̀.

"Gbẹ́sẹ̀," ló wí. Mo gbé e. Kò kú.

Àṣé agolo náà ti ya nínú tipẹ́, atẹ́gùn sì ń gbabẹ̀ wọ ẹ́ńjìnnì. Kábúrétọ̀ ń fara dà á. Ínjẹ́tọ̀ kò gbà.

"Ìyàwó, ìgbà wo lo ti ń gbọ́ ọ?"

"Láti ọdún tó kọjá. Mo rò pé bó ṣe ń dún nìyẹn."

"O ò sì sọ!"

Ó tú agolo mìíràn lára mọ́tò àlòkù kan, ó fi rọ́pò rẹ̀. Mo sáré lọ gbé ìyá mi, àwa la wọlé kẹ́yìn ní ọsibítù, wọ́n sì ṣiṣẹ́ abẹ fún ojú rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n tú aṣọ tí wọ́n fi di ojú ìyá mi. Mo ń retí kó dúpẹ́. Ó wò mí títí.

"Ṣé bó o ṣe rù tó nìyí? Gbogbo ìgbà lò ń wá sọ́dọ̀ mi, o ò sì sọ."

Mo sún mọ́ ọn, mo bẹ̀rẹ̀ sí sọ. Láti ìgbà yẹn, bí nǹkan bá ń dún létí mi, n kì í dúró kí òjìji kan táyà mọ́ kí n tó sọ ọ́.