Ìdérí Ìgò Tó Ń Bímọ Fúnra Wọn

Ó dojú àlá, ó dàrìnnàkò o! Bàbá Kúnlé, ọkọ Àdùkẹ́, alábàárù wáàfù Àpápá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé àpò sìmẹ́ńtì bí ẹni gbé ìrọ̀rí! Mò ń sunkún, àmọ́ ọkàn mi balẹ̀, torí orí yín pé títí dópin. Ẹ̀rù orí yẹn ti bà mí rí!

Ogun Bìáfírà ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, yàrá kan la ní l'Ájégúnlẹ̀. Atukọ̀ òyìnbó kan kọ́ yín ní eré kan ní wáàfù, ó ní kọ̀ǹpútà làwọn fi ń ṣe é. Kọ̀ǹpútà ta la ní? Ìdérí ìgò lẹ ṣà wálé, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà sílẹ̀ yàrá bí ojú dráfù. Òfin rẹ̀ ò le. Wo iwájú, ẹ̀yìn, ọ̀tún àti òsì ojú ilà kọ̀ọ̀kan. Bí ìdérí tó yí i ká bá jẹ́ ọ̀kan tàbí mẹ́ta, fi ìdérí síbẹ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, jẹ́ kó ṣófo; bí ìdérí bá ti wà níbẹ̀, yọ ọ́ kúrò. Ẹ kàn máa ń dà wọ́n sílẹ̀ ni, bó bá ṣe bọ́, ẹ ó máa lo òfin náà léraléra, kó tó pẹ́, wọ́n á ti bí irú ara wọn.

Ará ilé ní, "Baba don kolo! E dey born pikin with cork!"

Lẹ̀gbọ́n mi, awakọ̀ lọ́rì, bá gbé okùn dé, ó fẹ́ mú yín lọ sílé àdúrà tí wọ́n ti ń de wèrè. Ẹ̀yin rẹ́rìn-ín: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọwọ́ ara yín dà á. Tí kò bá bímọ, ẹ dè mí." Ẹ káwọ́ sẹ́yìn.

Ẹ̀gbọ́n da mẹ́ta. Bó ṣe ń kà ló ń ṣí wọn, gbogbo ẹ̀ bá dàrú. Ó na ọwọ́ sí okùn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má kánjú. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí gbogbo ojú ilà tí ìdérí máa wà tán ná, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ìdérí."

Ó tún un ṣe bẹ́ẹ̀, ó lo òfin náà lẹ́ẹ̀mejì. Mẹ́ta ìyá ò sí mọ́, àmọ́ ọmọ mẹ́rin ló yọ, ìdérí mẹ́ta mẹ́ta ni ọmọ kọ̀ọ̀kan, tí gbogbo wọn jọ ìyá bí ìbejì!

"Háà! Àṣé kíkà lásán ni! Àdùkẹ́, wá oúnjẹ fún wèrè ẹ, kí n tún ọ̀kan dà."

Mo jókòó sílẹ̀, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Okùn yẹn, èmi ni mo gbà á, mo fi sá aṣọ ọmọ.

Baálé mi, ẹ ò ya wèrè, ẹnikẹ́ni ò dè yín rí. Níjọ́ tẹ́ ẹ máa lọ, ẹ wò mí lójú, ẹ ní, "Àdùkẹ́, ó tó, jẹ́ n sinmi." Mo ti gbà. Ẹ máa sinmi, olówó orí mi. Ẹ sùn re o.