Ọdún Tí Mo Fẹ́ Gun Máṣíìnì Sá fún Òtútù

Mo rántí ìgbà tí mo tẹ́ máàpù Sípéènì sórí tábìlì ilé ìdáná wa ní Hartstown, tí mo fi ìgò iyọ̀ tẹ igun rẹ̀ kan, tí mo wá ń fi ìka tọ ojú ọ̀nà kan tó lọ́ bí ejò láàárín àwọn òkè. Oṣù kẹwàá ni. Òjò ń rọ̀ níta, irú òjò Dublin tí kì í pariwo, àmọ́ tí kì í tètè dá. Orúnkún mi méjèèjì ti ń sọ fún mi pé òtútù kò jìnnà mọ́.

Kí n tó di ẹni tó ń gbé páálí ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Damastown, akọ̀ròyìn ni mí n'Íbàdàn. Máṣíìnì ni ilé iṣẹ́ wa fún mi láti fi máa lé ìròyìn kiri, mo sì mọ àwọn kọ́nà Ẹ̀fọ̀n Aláayè bí ẹni mọ ojú ìyàwó rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo máa ń sọ ọ́ nígbà náà. Nígbà tí mo pé ọgọ́ta ọdún, mo ra máṣíìnì àlòkù kan. Aládùúgbò wa, ará Ireland tó ti fẹ̀yìn tì nídìí wíwa bọ́ọ̀sì, wá sọ pé kí a jọ lọ lo oṣù mẹ́ta ní gúúsù Sípéènì, lẹ́bàá ìlú Málágà, níbi tí òun máa ń lọ nígbà òtútù. Mo fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò bí ẹni ń fọ̀rọ̀ wá mínísítà lẹ́nu wò. Ṣé yìnyín máa ń bo ojú ọ̀nà? "Lókè téńté nìkan." Ṣé ojú ọ̀nà náà dán? Ó rẹ́rìn-ín. "O lè gbé ife tíì ka orí táǹkì epo rẹ, kò ní dà." Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Mo béèrè ẹni tó ń tún táyà ṣe, mo béèrè ọjọ́ tí ọkọ̀ ojú omi ń gbéra. Abèèrè kì í ṣìnà, mo sì béèrè títí ọ̀rọ̀ mi fi fẹ́ sú ọkùnrin náà.

Ìyàwó mi ń wò mí láti ibi tó ti ń bó iṣu.

"Ọ̀kadà yìí lẹ fẹ́ gùn dé Sípéènì?"

"Kì í ṣe ọ̀kadà."

"Ẹ ṣáà máa gbé èrò lọ́nà o. 'Málágà, ó ku ẹnì kan.'"

Mo rẹ́rìn-ín. Láràárọ̀ ni mo máa ń bi í pé ṣé dáadáa ló jí, ara ńkọ́, òun náà á sì ní, "A dúpẹ́." Nígbà tí mo sọ fún un pé lẹ́yìn ọdún tuntun la máa gbéra, ó ní, "Ẹ máa lọ. Ẹ ti gbé páálí tó." Mo kọ ìyẹn náà sínú ìwé mi, mo fa ìlà sí i nídìí bí ẹni tó gba ìwé àṣẹ. Olóòtú wa n'Íbàdàn máa ń sọ pé ìdáhùn àkọ́kọ́, ti ọ̀wọ̀ àlejò ni, kí akọ̀ròyìn dúró de ìkejì. Mo ti fi ọ̀rọ̀ yẹn kọ́ àwọn tó wá lẹ́yìn mi. Mi ò rántí rẹ̀ nínú ilé ara mi.

Ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kejìlá, a lọ sí ọjà Moore Street láti ra ohun tó máa kún fírísà, kí ìyàwó mi má baà máa jáde nínú òtútù nígbà tí mi ò bá sí nílé. Ọmọ wa obìnrin bá wa lọ. Dublin ló dàgbà sí. Ó ń gbọ́ Yorùbá dáadáa, àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dáhùn. Bí a ṣe wọ inú ọjà, ìyàwó mi dúró níwájú àtẹ àkọ́kọ́, ó mú ápù kan, ó bi wọ́n ní iye rẹ̀. Ní àtẹ kejì, ó ná ọsàn. Ní ẹ̀kẹta, ó gbé kábéèjì lọ́wọ́, ó ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Kò ra nǹkan kan.

"Ṣé o fẹ́ rà á ni," obìnrin tó ń tà á bi í, "àbí o fẹ́ fẹ́ ẹ?"

Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín, àmọ́ ohùn kò jáde. Mo ti wà níwájú, mò ń wo aago, torí mo fẹ́ lọ ra ìbọ̀wọ́ tí mo máa fi gun máṣíìnì. Mo sọ fún ọmọ wa pé, "Ìyá rẹ rò pé Bódìjà la wà."

Kò rẹ́rìn-ín. "She's not pricing anything, Dad," ó ní. "She's getting her breath. She does it in every shop."

Mo yíjú padà. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé ọwọ́ kejì ìyàwó mi di etí àtẹ náà mú pinpin, bó ṣe ń wá èémí. Mo padà lọ bá a.

"Láti ìgbà wo?"

"Oṣù kẹfà."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Ẹ ò béèrè."

"Láràárọ̀ ni mò ń béèrè."

"Ẹ̀ ń kí mi láràárọ̀ ni." Ó sinmi díẹ̀ kí ó tó parí rẹ̀. "Ìkíni kì í ṣe ìbéèrè."

Olùtajà náà ti gbé àpótí tí òun fúnra rẹ̀ fi ń jókòó wá fún un. Kò dápàárá mọ́.

Ní ọsibítù, dókítà obìnrin kan bi í pé báwo lara. Ìyàwó mi ní, "Grand," pé dáadáa ni, bí àwọn onílẹ̀ ṣe máa ń sọ ọ́. Dókítà náà mi orí. Ó dà bíi pé ó ti gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu ìyá tirẹ̀ rí. "Àtẹ̀gùn mélòó lẹ lè gùn kí ẹ tó dúró?"

"Mẹ́rin."

Mẹ́tàlá ló wà nílé wa.

Wọ́n ní ọ̀kan nínú àwọn ilẹ̀kùn tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá nínú ọkàn rẹ̀ kò pa dé mọ́. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un nínú oṣù kejì. Aládùúgbò wa nìkan ló lọ sí Sípéènì. Ó fi àwòrán ojú ọ̀nà kan ránṣẹ́ sí mi, ó dán, ó funfun nínú oòrùn. Mo wò ó lórí bẹ́ǹṣì ní ọsibítù, inú bí mi, mi ò sì mọ ẹni tí mò ń bínú sí.

Ó di ọdún kejì báyìí. Ìyàwó mi ń gun àtẹ̀gùn wa, díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí aládùúgbò wa tún pè mí lọ lọ́dún yìí, ìyàwó mi tún ní, "Ẹ máa lọ." Mo pa iná sítóòfù, mo jókòó níwájú rẹ̀.

"Bí mo bá lọ, kí lẹ̀rù rẹ̀ ń bà ọ́?"

Ó ń nu tábìlì tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

"Pé mo máa ṣubú sórí àtẹ̀gùn," ó ní, "ẹ máa pè mí lórí fóònù, màá sì sọ pé a dúpẹ́."

Ọjọ́ Ajé tó kọjá ni mo bá aládùúgbò wa di ẹrù rẹ̀, tí mo sì dúró títí ó fi yà ní kọ́nà. Mi ò ní purọ́ pé kò dùn mí. Àmọ́ ohun mìíràn ló ń dà mí láàmú jù. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi kọ ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn èèyàn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, tí mo sì ń yangàn pé mi ò yí i padà. Mi ò mọ iye nínú wọn tó jẹ́ pé ìkíni mi ni wọ́n kàn dá padà, tí mo sì kọ ọ́ pé wọ́n jẹ́rìí.